Kókó Méjì Létí Aṣọ Mi

Ọjọ́rú, 5 Òkúdù 1912

Samuel tí ń tẹ wáyà ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló fún mi ní ìwé yìí. Ó ní kí n máa kọ ohun tí mo bá fẹ́ ṣe sínú rẹ̀, kí n má baà gbàgbé. Mo bi í pé, "Ta ni yóò wá rán mi létí pé kí n ṣí ìwé?" Àwọn tó mọ̀wé wọ̀nyí, wọn kì í ronú débẹ̀.

Ó dáa, mo ti ṣí i lónìí. Ìwọ̀nba ABD tí àwọn awọnlẹ̀ ojú irin kọ́ mi nígbà tí mo ń bá wọn ru ẹrù, òun náà ni mo fi ń kọ ọ́. Èmi Ọdẹ́wálé, orí mi ò dàrú. Láti ìgbà tí igbà ti já mọ́ mi lórí ọ̀pẹ lọ́dún tó kọjá, tí mo fi àtàrí sọlẹ̀, kò sí ohun àná kan tó sọnù lọ́wọ́ mi. Ẹ bi mí ní oríkì baba tó bí baba mi, n ó kì í débi tí ẹ ó fi sunkún. Ohun tí mo bá fẹ́ ṣe lọ́la ni kì í dúró. N ó dìde kí n lọ bu omi fún ẹran, n ó dé ìdí àmù, n ó máa wo àmù. Kí ni mo wá ṣe níbí? Ẹran á máa ké lẹ́yìn ilé, èmi á máa bú u pé ariwo rẹ̀ pọ̀ jù.

Òbúkọ ńlá tí mo so sínú oòrùn lọ́sẹ̀ tó kọjá ti kú. Ògúnmọ́dẹdé, àbúrò mi ọmọ baba, dúró lórí òkú ẹran náà, ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ orí mímì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Òkúdù

Wọ́n pe ìpàdé nítorí mi. Ní ìjẹta, mo dá iná sí ẹ̀gbẹ́ ahéré wa ní oko Alájùé, mo fi sun àgbàdo. Mo ní n ó pa á bí mo bá ń lọ ilé. N kò pa á. Ahéré tí baba wa fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ti jóná, àti igi ìtakùn iṣu tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ògúnmọ́dẹdé dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi kó tó sọ̀rọ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ló bí mi nínú jù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n oko tó ń bọ́ gbogbo wa, ṣé ọwọ́ ẹni tí kò lè rántí pa iná ló yẹ kó wà?"

Mo ní, "Láti ìgbà tí wọ́n ti já ọ lẹ́nu ọmú lojú rẹ ti wà lára oko náà. Ṣìọ̀!"

Bàbá Fáwùmí, àbúrò baba wa, tí àwọn nìkan ló kù nínú àwọn àgbà ilé, na ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, "Ọdẹ́wálé, ìwọ ni àkọ́bí, ìwọ lo ni oko. Ẹni tó ni oko Alájùé ló ń pọn omi Ògún. Ní òwúrọ̀ tó tẹ̀lé alẹ́ tí oṣù ìjẹṣu bá lé, lọ sódò Ọ̀ṣun, pọn omi, gbé e wá síwájú Ògún kí ẹnikẹ́ni tó fi iṣu tuntun kan ẹnu. O ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ, o ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bọ̀. Lọ́dọọdún la máa ń jí ọ. Lọ́dún yìí, ẹnì kan ò gbọdọ̀ rán ọ létí. Bí o bá sọ omi kalẹ̀ tán, o ó fi ẹnu kan irin, o ó sọ ẹni tó rán ọ létí tàbí pé kò sí. Bí orí rẹ bá gbé e, oko rẹ nìyẹn, kí gbogbo ẹnu pa mọ́. Bí kò bá gbé e, Ògúnmọ́dẹdé ni yóò dì í mú."

Gbogbo wọn ní àṣẹ. Àwọn tí mo fún ní iṣu lọ́dún tó kọjá ló pariwo jù.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Òkúdù

Samuel ní kí n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lónìí. Mo gbàgbé. Èyí ò dùn mí.

Ọjọ́rú, 12 Òkúdù

Mo ti ta kókó méjì sí etí aṣọ mi, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ èkejì. Kókó àkọ́kọ́: lọ pọn omi. Kókó kejì: má fọhùn. N ó máa fi ọwọ́ kàn wọ́n láràárọ̀, n ó máa pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ.

Mo lọ fi han Bàbá Fáwùmí kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ pé mo ṣe màgòmágó. Wọ́n ní, "Ohun tí o bá fi ọwọ́ ara rẹ so, tìrẹ ni. Ẹlòmíràn ni mo ní kò gbọdọ̀ dá sí i."

Ọ̀ṣúnwùmí ìyàwó mi wo kókó náà, ó ní, "Bàbá Àdùnní, tí ẹ bá wá gbàgbé ohun tí kókó ń sọ ńkọ́?"

Mo ní kó lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀ lórí iná. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ n sùn.

Ọjọ́bọ̀, 20 Òkúdù

Òjò láti àná. Ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ti di ẹrẹ̀ dé orúnkún.

Samuel ní òun kà á nínú ìwé ìròyìn tó ti Èkó wá pé òyìnbó kan fi wáyà tín-ín-rín kan ọpọlọ ẹranko, ó sì rí i pé nǹkan ń bì nínú rẹ̀ bí ìgbì omi, ó ń lọ, ó ń bọ̀, kì í sinmi, bí ẹranko náà tilẹ̀ ń sùn. Ó ní bóyá ìgbì tèmi ló ń fọ́ kó tó dé èbúté. Ó ń fi ìka kan tábìlì bó ṣe ń sọ ọ́, kó, kó-kó, bí ẹni pé ó fẹ́ tẹ wáyà ránṣẹ́ sí mi lórí.

Mo ní kó lọ fi wáyà kan ọpọlọ tirẹ̀, bóyá yóò rántí àdá mi tó yá láti èṣí. Ó rẹ́rìn-ín. Àdá náà ò tíì dé.

Ọjọ́rú, 3 Agẹmọ

Mo ti ń kọ́ ẹnu mi. Ṣé ẹ rí i, lílọ kọ́ ni ìṣòro. Ní ìlú Ẹdẹ yìí, ta ni ẹ fẹ́ pàdé láàárọ̀ tí kò ní kí yín? Wọn á kí yín kú àárọ̀, wọn á béèrè ìyàwó, wọn á béèrè ọmọ, wọn á kí yín kú òjò àná. Ẹnu ti dáhùn kí orí tó mọ̀ pé ẹnì kan sọ̀rọ̀.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń rìn kiri, mo di kókó kejì mú, mo ń kọ̀ láti dáhùn. Kúlúsúmù oníyọ̀ kí mi lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí n kò dáhùn, ó gbé igbá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ọdẹ́wálé, kí ni mo fi ṣe ọ́? Ṣé torí iyọ̀ tó gbówó lórí ni? Èmi ni mo ń wa iyọ̀ lókun ni?" Ó ṣépè fún mi títí dé ìdí ìrókò. Mo dákẹ́. Inú mi dùn débi pé nígbà tí ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí láti ìlú Àrá wí pé "Ẹ kú ìrìn o," mo ní, "Ooo, ẹ kú àbọ̀, ilé ńkọ́?"

Kàí! Mo fi ọwọ́ gbá ara mi lẹ́nu. Ọkùnrin náà sá lọ.

Ọjọ́bọ̀, 11 Agẹmọ

Àkànkẹ́ ìyàwó Ògúnmọ́dẹdé, ikùn rẹ̀ ti yọ dé ẹnu ọ̀nà kó tó dé, ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé pé kí wọ́n máa pè mí ní Baba Onígbàgbé. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi lẹ́yìn ògiri. Mo jáde sí i. Mo ní, "Àkànkẹ́, oyún inú rẹ kọ́ ni yóò gba oko mi."

Ó ní, "Bàbá Àdùnní, ta ló ń jìjà oko? Ẹ ṣáà rántí wọ ṣòkòtò kí ẹ tó jáde."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo wo ara mi. Ṣòkòtò wà nídìí mi! Wọ́n tún rẹ́rìn-ín torí pé mo wò ó. Mi ò ní jẹun lọ́wọ́ ará ilé yẹn mọ́ láyé.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Agẹmọ

Mi ò ní sọ fún Samuel, inú rẹ̀ á dùn jù, ṣùgbọ́n mo ti ń ṣọ́ ìgbì náà. Òótọ́ ni, nǹkan kan ń bì. Bí mo bá gbé iṣẹ́ kan sọ́rí pé n ó ṣe é bó bá yá, yóò rì. Bí mo bá jókòó tì í pé kí ó má rì, n kò ní lè ṣe ohun mìíràn. Lánàá mo ń dì í mú bẹ́ẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, mo sì fi ọkọ́ gún ara mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá so iṣẹ́ náà mọ́ ohun tí ojú mi yóò rí tàbí tí etí mi yóò gbọ́, yóò rì lọ ní tirẹ̀, kò ní dààmú mi. Bí mo bá wá rí ohun náà, yóò ru láti ẹ̀yìn ọrùn mi, yóò sì jáde. Mo ní bí mo bá rí àgbẹ̀dẹ, n ó rántí ọkọ́ tó ṣẹ́. Mo rí àgbẹ̀dẹ. Mo rántí! Mo wọlé tọ alágbẹ̀dẹ, mo ń rẹ́rìn-ín bí aṣiwèrè. N kò mú ọkọ́ dání ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Ògún

Òjò ti dá díẹ̀. Iyọ̀ tún ti gbówó lórí. Àwọn ewé iṣu Alájùé ti ń pọ́n. Mo gbẹ́ ẹyọ kan wò, mo tún bò ó mọ́lẹ̀. Ó tóbi bí itan mi. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi, kó mọ̀ pé èmi ni mo kọ ebè rẹ̀.

Ògúnmọ́dẹdé kọjá lọ́nà oko, ó kí mi. N kò dáhùn. Ó ní, "Ṣé ẹ ń kọ́ ẹnu yín ni àbí ẹ ń bínú?" Mo ní méjèèjì. Mo ti wá dáhùn nìyẹn.

Ọjọ́rú, 14 Ògún

Àkànkẹ́ ti ń rọbí láti àárọ̀. Títí oòrùn fi rọ̀, ọmọ ò wá. Ìyá Abọ́sẹ̀dé agbẹ̀bí jáde sí ojúde, wọ́n ti ká aṣọ mọ́dìí, wọ́n kígbe pé, "Ẹ tú kókó ilé!"

Ìṣe agbolé wa ni. Bí ọmọ bá há, ohunkóhun ò gbọdọ̀ wà ní síso. Gbogbo ilé dà jáde. Wọ́n tú ewúrẹ́ sílẹ̀, wọ́n tú ẹrù igi, wọ́n tú okùn ìgbálẹ̀. Ọ̀ṣúnwùmí jókòó sílẹ̀, ó ń tú irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì lánàá. Ògúnmọ́dẹdé ń fi àdá gé okùn pàkúté rẹ̀, kò dúró tú u. Èmi náà tú okùn igbà mi. Mo wá jókòó lé etí aṣọ mi.

Ìgbà náà gan-an ni àwọn ọmọdé kígbe pé, "Oṣù ìjẹṣu ti lé!" Mo gbójú sókè. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, tín-ín-rín bí èékánná. Kò rí ọjọ́ mìíràn lé.

Ìyá Abọ́sẹ̀dé tún jáde. "Ẹnì kan ṣì ń so nǹkan mọ́ra nínú ilé yìí o! Ọdẹ́wálé, ìwọ ńkọ́?"

Mo ní n kò ní nǹkan kan lára. Irọ́ ni. Ọ̀ṣúnwùmí wò mí, irun orí rẹ̀ ti dúró gan-an, ó yí ojú kúrò. Ìbá bú mi, ìbá sàn jù.

Kí ló kàn mí? Obìnrin tó ń pè mí ní Baba Onígbàgbé! Ìyàwó ẹni tó ń dúró de oko mi! Mo tún ìjókòó mi ṣe. Ni Àkànkẹ́ bá ké. Kì í ṣe igbe gidi mọ́. Ohùn tí òbúkọ yẹn fi ké kẹ́yìn nínú oòrùn ni, nígbà tí mo ń bú u pé ariwo rẹ̀ pọ̀ jù.

Mo fa aṣọ yọ lábẹ́ mi. Òjò àti òógùn ti mú kókó méjèèjì le bí èkùrọ́. Eyín ni mo fi tú wọn. Bí mo ṣe ń tú wọn ni mo ń bú èébú: mo bú Ògúnmọ́dẹdé, mo bú oṣù, mo bú ọ̀pẹ tó jù mí sílẹ̀. Mo na etí aṣọ sí Ìyá Abọ́sẹ̀dé. Mo ní, "Ó ti tú! Ẹ lọ gbà á bí!"

Wọ́n ti lé gbogbo ọkùnrin wọlé. Ọmọ ò tíì wá. Mo kọ ọ́ síhìn-ín: lọ pọn omi, má fọhùn. Ta ni yóò rán mi létí kí n ṣí ìwé?

Ọjọ́bọ̀, 15 Ògún

Mo ti pàdánù oko Alájùé. N ó kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó máa purọ́ mọ́ mi.

Mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ọwọ́ mi lọ sí etí aṣọ bó ṣe máa ń lọ. Kò bá nǹkan kan. Mo wá a lápá kejì. Kò sí. Àìsí rẹ̀ ló gún mi. Ìgbì náà ru láti ẹ̀yìn ọrùn mi: omi! Mo gbé ìkòkò, mo jáde.

Ìdajì ló mú wá. Omi ni mo rántí, n kò rántí ẹnu. Ọ̀nà dá páropáro, n kò pàdé ẹnikẹ́ni. Mo pọn omi, mo gbé e rù, mo ń bọ̀, ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi ni bóyá Àkànkẹ́ yè tàbí ó kú. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà agbolé, Ògúnmọ́dẹdé sáré jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo la ẹnu kí n béèrè. Kò tíì di ohùn tó fi fi àtẹ́lẹwọ́ bò mí lẹ́nu, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi léyín débi pé ètè mi bẹ́. Ó fi ọwọ́ kejì di ìkòkò orí mi mú kó má baà ṣubú. A dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tó rí i pé mo ti rántí, ó fi mí sílẹ̀, ó ká apá méjèèjì jọ bí ẹni gbé ọmọ, ó nawọ́ sí ilé. Ó ń sunkún. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan.

Mo wọlé, mo sọ omi kalẹ̀ níwájú Ògún. Àwọn obìnrin hó yèè. Bàbá Fáwùmí ní, "Ọdẹ́wálé, o káre! O káre!" Ọ̀ṣúnwùmí ń jó pẹ̀lú irun tó dúró gan-an. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti tán.

Bàbá Fáwùmí wá mú irin. Wọ́n ní, "Fi ẹnu kàn án. Ta ló rán ọ létí?"

Ẹ̀jẹ̀ wà ní ètè mi. Kò sẹ́ni tó rí wa lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá ní kò sí, ta ni yóò já mi nírọ́? Ògúnmọ́dẹdé ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n irin ni irin ń jẹ́, kì í gbàgbé bíi tèmi.

Mo ní, "Ògúnmọ́dẹdé ni. Ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu."

Bàbá Fáwùmí wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n wo irin ọwọ́ wọn. Ó rí lójú wọn pé ìbá wù wọ́n kí n ti purọ́. Wọ́n ní, "Ohun tí a sọ la sọ. Ògúnmọ́dẹdé ni yóò di oko mú títí di omi ọdún tó ń bọ̀."

Mo gba ilé lọ. Èmi ni mo kọ ebè wọ̀nyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 16 Ògún

N kò jáde lónìí. Mo ń rò ó. Bí Ògúnmọ́dẹdé bá jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, oko di tirẹ̀. Bí ó bá bò mí lẹ́nu, irin ń bẹ níwájú, oko di tirẹ̀. Ibi yòówù kó gbà, ó jẹ ẹ́. Alárèékérekè! Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe mọ̀ pé n ó jẹ́wọ́? Kò lè mọ̀. Èmi pàápàá ò mọ̀ títí mo fi gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi.

Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà. Ọ̀ṣúnwùmí ní, "Bàbá Àdùnní, bó bá wá pa á ńkọ́, tó gbé e wá sílé yín?" Mo ní kó lọ di irun rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 19 Ògún

Ìyọnu tuntun rèé. Láràárọ̀ ni Ògúnmọ́dẹdé ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, tó ń pariwo kí gbogbo àdúgbò gbọ́. "Ẹ̀gbọ́n! Òní lẹ máa gba ọkọ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ!" "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ fún ẹran lómi!" Lónìí ó ní, "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ wá bá mi wo iṣu Alájùé, n ò mọ èyí tó gbó!" Mo ní kó lọ bi àwọn tó fún un ní oko. N kò tíì rí ìwọ̀sí báyìí rí. Mo lọ gba ọkọ́ ṣá. Ẹran sì mumi.

Ọmọ náà ń ké púpọ̀ ní ìdájí. Ohùn rẹ̀ lágbára. Gbogbo ìgbà tó bá ké ni ẹ̀yìn ọrùn mi máa ń ta mí.

Ọjọ́bọ̀, 22 Ògún

Ògúnmọ́dẹdé kò wá lónìí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń dúró kí ó wá pariwo mọ́ mi. Oòrùn yọ. Kò wá. Inú wá ń bí mi. Ṣé ó ti rò pé èmi ò tó ẹni à ń pariwo mọ́ ni? Ọ̀ṣúnwùmí ti jáde kí n tó jí, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ má sọ ibi tó ń lọ.

Ọmọ náà bá ké. Ìgbì ru. Mo dìde dúró kí n tó mọ ìdí tí mo fi dìde: ìsọmọlórúkọ! Èmi ni ẹ̀gbọ́n baba rẹ̀, èmi ló yẹ kí n fi omi kàn án lẹ́nu. Mo sáré bu omi lámù. N kò dúró wo àmù lónìí. Mo gbé e lọ sí ilé àbúrò mi, mo ń múra ìjà sílẹ̀ lọ́nà: ẹ fẹ́ sọmọ lórúkọ lẹ́yìn mi, àbí? Ẹ rò pé n ó gbàgbé?

Gbogbo wọn ti pé sórí ẹní. Kò sẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan. Àyè kan ṣófo láàárín wọn. Ọ̀ṣúnwùmí wà níbẹ̀, irun rẹ̀ ti di dídì. Àkànkẹ́ wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó kúnlẹ̀, kò pè mí ní Baba Onígbàgbé.

Bàbá Fáwùmí wo omi ọwọ́ mi. Wọ́n ní, "Ọdẹ́wálé, ta ló rán ọ létí?"

Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan."

Mo ṣì ń bínú sí Ògúnmọ́dẹdé o, kí ó má rò pé ó ti parí. Ó dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo wo ọwọ́ Bàbá Fáwùmí. Wọn ò gbé irin wá.